Ta Ló Dà Á Rú?

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà tó ń hùwà bí ìtumọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí a lè bá wí, yóò dúró ṣinṣin: ọjà dàrú. Ẹ kàn dárúkọ ẹni tó ṣe é, kíá ló là sí méjì, ọjà á há sáàárín: ó da ọjà rú.

Ẹ wo Tchatchou ní ilẹ̀ Benin, lójú títì Kùtọnu sí Parakou. Ká ní ọkọ̀ akẹ́rù kan dábùú ọ̀nà lọ́jọ́ ọjà. Awakọ̀ á ní ọ̀nà ló dàrú, ìyá oníṣu á ní ọjà ló dàrú. “Èmi ni mo dà á rú” ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, yálà Nàgó ló ń sọ tàbí Bàrìbá. Àwọn olóṣèlú Tchaourou, ìlú tí Boni Yayi tó ṣe ààrẹ láti 2006 sí 2016 ti wá, mọ̀ ọ́n lò jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí wọ́n bá wà lórí àlééfà, ìlú kàn dàrú ni, bí alátakò bá wọlé, ó da ìlú rú.

Ní ti ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, ẹnu á kò nígbẹ̀yìn: ewúrẹ́ kan ló sá kọjá. Òun ló da ọjà rú. Wọn ò pè é sípàdé.