Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nílé Ìgbìmọ̀ Dassa-Zoumè

Àwọn àgbà tó sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, pé bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi, kò jókòó nílé ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ rí, síbẹ̀ wọ́n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ju bí ìwé òfin ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lọ. Káńsẹ́lọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn a nawọ́ sókè ní ìpàdé, a fọwọ́ sí ìpinnu onílà mẹ́ta pé kí wọ́n tún ọjà ṣe, a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fa ìpinnu náà lé lọ́wọ́ ni yóò wá mọ ibi tí ọjà yóò kọjú sí, iye owó ìsọ̀, agbaṣẹ́ṣe tí yóò kọ́ ọ, àti ìsọ̀ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ wó. Ọ̀rọ̀ ti di odidi nínú ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, ẹni tó sọ ọ́ kì í sì í dá a mọ̀ mọ́ nígbà tó bá jáde. Ìwà tí àwọn àgbà fi ń yin ọmọlúàbí ni ìjọba òde òní sọ di ìlànà ìṣàkóso, èyíinì ni pé kí ìgbìmọ̀ tó ni àṣẹ yọ̀ǹda fún òṣìṣẹ́ kan láti máa pinnu ní orúkọ rẹ̀.

Ìlànà yìí gbilẹ̀ gan-an ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abala 101 nínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 1972 gba ìgbìmọ̀ láyè láti fi iṣẹ́ rẹ̀ lé ìgbìmọ̀ kékeré tàbí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo, ilé ẹjọ́ sì sọ ọ́ lójú ìgbìmọ̀ Hillingdon ní ọdún 1986 pé ẹnì kan kì í dá jẹ́ ìgbìmọ̀. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn dìbò fún kò gbọdọ̀ dá pinnu, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún sì lè dá pinnu, títí òfin ọdún 2000 fi dẹ okùn náà fún àwọn káńsẹ́lọ̀ tó wà nínú ìgbìmọ̀ aláṣẹ. Títí di òní, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá ìwé tí àwọn ará England kọ láti tọrọ àyè ilé kíkọ́ tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ló ń dá wọn lóhùn. Ọmọ Yorùbá tó fẹ́ fa ilé rẹ̀ gùn sí ẹ̀yìn ní Southwark lè gba àyè tàbí kí wọ́n kọ̀ fún un láìjẹ́ pé káńsẹ́lọ̀ kankan gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ìgbìmọ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó sì lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú.

Ní Dassa-Zoumè, láàárín àwọn òkè 41 tí wọ́n fi ń kì í, níbi tí àwọn Ìdàáṣà ti ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá tiwọn, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Kọ́múùnù, tí í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ 77, ti Dassa-Zoumè sì pín sí àgbègbè 10, tí Soclogbo, Paouignan àti Lèma wà lára wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ní ìparí ọdún 2002 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, maire, olórí ìgbìmọ̀, ló ń pàṣẹ ìnáwó, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ àgbàṣe, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ ń gbà kọjá. Odidi ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu ẹnì kan nígbà náà, ìtàn ilẹ̀ kan tó bọ́ sọ́wọ́ olówó méjì kò sì ṣàjèjì sí ará Bẹ̀nẹ̀ kankan, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sunkún ayé àtijọ́ bí ẹni pé oyin ló ń ṣàn níbẹ̀.

Ohun tó yí i padà ni òfin 2021-14 ti ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2021, tó ya ìṣèlú sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ó dá akọ̀wé aláṣẹ sílẹ̀ ní kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ tí kò du ìbò, tó sì di olórí gbogbo òṣìṣẹ́ kọ́múùnù àti ẹni tó ń pàṣẹ ìnáwó; ó sì dá ìgbìmọ̀ alábòójútó sílẹ̀, tí maire ń darí, láti máa ṣọ́ ohun tí akọ̀wé náà ń ṣe. Inú àkójọ orúkọ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti ń mú akọ̀wé, kèké ni wọ́n sì ṣẹ́ láti mọ ẹni tó kàn. Maire ṣì ń ro ìgbàjá aláwọ̀ mẹ́ta, ó ṣì ń so tọkọtaya pọ̀, ó ṣì ń gé okùn níbi ṣíṣí ilé ẹ̀kọ́. Owó tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà nìkan ni kò gba ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Níbí ni òwe náà ti fò ṣánlẹ̀. Àwọn tó sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún akọ̀wé kì í ṣe àwọn káńsẹ́lọ̀ Dassa-Zoumè, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wà ní Porto-Novo ló bá wọn sọ ọ́, wọn kò sì lè gbà á padà. Àwọn àgbà kan náà sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí òfin dá sílẹ̀, tí kèké mú, tí maire ń bójú tó, tí aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní ẹkùn Collines sì tún ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, yóò kọ́kọ́ ní láti ṣe ìwádìí kí ó tó mọ ẹni tí yóò bẹ̀rù. Maire fúnra rẹ̀ kò sàn jù ú lọ, nítorí pé láti ìgbà àtúnṣe òfin ìbò ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá ní ju ìdajì àga ìgbìmọ̀ lọ ló ń yàn án.

Síbẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ṣì ni ìwé ètò ìnáwó ọdọọdún, nítorí pé láìsí ìbò wọn kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tó nípọn kì í dùn ún kà, àtẹ́lẹwọ́ sì yá ju ojú lọ. Ká ní oṣù Kẹjọ ń bọ̀, tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń múra láti wọ́ lọ síbi ihò àpáta Arigbo, tí ìgbìmọ̀ sì dìbò pé kí ìmọ́tótó wà, láìsọ iye ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibi tí wọn yóò wà, àti ẹni tí yóò kó ìdọ̀tí lẹ́yìn àjọ̀dún. Gbogbo àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ ni akọ̀wé yóò dí bó ṣe yé e, àwọn tó fi àlàfo sílẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ pariwo pé wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá oògùn kékeré kan sí irú àìsàn yìí ní ọdún 2014, nígbà tí ìlànà tuntun pàṣẹ pé òṣìṣẹ́ tó bá lo àṣẹ tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀tọ́ ará ìlú gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tó pinnu, ohun tó pinnu, ìdí rẹ̀ àti ọ̀nà mìíràn tó rò tí kò gbà, kí ará ìlú lè kà á. Ìgbìmọ̀ alábòójútó Dassa-Zoumè lè ní kí akọ̀wé aláṣẹ máa kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri fún ará Soclogbo àti Paouignan. Bí wọ́n bá pinnu láti béèrè fún un, ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ akọ̀wé aláṣẹ ni wọn yóò ti lọ tẹ lẹ́tà náà.