Katapílà Inú Páálí

Katapílà lọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. Kì í ṣe èyí tó ń la títì o. Inú páálí ni tibí yìí ń gbé, ọmọdé ló sì ń wà á. LEGO ló ṣe é.

Ole Kirk Christiansen, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Billund, orílẹ̀-èdè Denmark, ló dá ilé-iṣẹ́ LEGO sílẹ̀ ní 1932. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gbẹ́ ohun ìṣeré. Ọdún 1958 ni bíríkì oníke wọn gba ìrísí tá a mọ̀ ọ́n sí yìí, bíríkì ọdún náà sì ṣì ń wọnú ti òní wẹ́kú. Ẹ bi bíríkìlà àdúgbò yín bóyá búlọ́ọ̀kù tó mọ lánàá bá ti òní mu.

Ní 1998 ni wọ́n gbé Mindstorms jáde, bíríkì tó ní kọ̀ǹpútà nínú. Inú ìwé tí Seymour Papert, ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà, tẹ̀ jáde ní 1980 ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ EV3 jáde ní 2013: ege 601, ẹ́ńjìnnì kékeré mẹ́ta. Ara róbọ́ọ̀tì tí ọmọ lè tò níbẹ̀ ni TRACK3R, tó ń fi rọ́bà gbọọrọ rìn. Bátìrì mẹ́fà bíi ti rímóòtù ló ń lò, nítorí náà NEPA ò lè bá a jà.

TRACK3R kò ní sítíárì. Ẹ́ńjìnnì kan ń fa rọ́bà ọ̀tún, èkejì ń fa tòsì. Bí méjèèjì bá yí síwájú lọ́gbọọgba, ó lọ tààrà. Bí ọ̀kan bá lọ síwájú tí èkejì padà sẹ́yìn, ó pòyì lójú kan. Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn náà ń fẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì ṣiṣẹ́ nídìí òfì, àmọ́ tó bá tẹ méjèèjì pọ̀, ọ̀kọ̀ ò ní rọ́nà kọjá.

Ìyọnu wà nídìí wáyà. Bí ọmọ bá ki wáyà ọ̀tún sójú tòsì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ níwọ̀n ìgbà tí róbọ́ọ̀tì bá ń lọ tààrà. Ọjọ́ tó bá kan kọ́nà nìjà dé: ẹ ní kó yà sí ọjà, ó kọrí sóko.

Ẹsẹ̀ gbọọrọ bíi ti TRACK3R yìí ti pẹ́: Benjamin Holt dán irú rẹ̀ wò lára katakátá ní Stockton, Kalifọ́níà, ní 1904, nítorí pé ilẹ̀ rírọ̀ ń gbé e mì. Ẹni tó ti bá wọn fa katakátá jáde nínú àkùrọ̀ mọ ohun tójú Holt rí.

Ní Nàìjíríà, àjọ Coderina ló ń ṣètò FIRST LEGO League, ìdíje róbọ́ọ̀tì àwọn ọmọdé. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni róbọ́ọ̀tì ní láti fi jíṣẹ́ lórí tábìlì, àwọn ọmọ á sì máa làágùn bí ẹni tó gbé àpò àgbàdo. Òbí wọn ńkọ́? Wọ́n ń làágùn ju ọmọ lọ.

Páálí náà wọ́n o, LEGO sì ti fòpin sí Mindstorms ní ìparí 2022. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣakí ti ń fi pòròpòrò ṣe ọkọ̀ tipẹ́, sílípáàsì ìyá rẹ̀ tó ti já ló ń gé ṣe táyà. Ẹ́ńjìnnì ló kù fún un. Ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó kú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀, àmọ́ bàbá ní òun ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ọmọ náà.