Ẹ Kú Iṣẹ́ Ẹfun, Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Tíṣà báyọ́lọ́jì ní ọ̀pọ̀lọ́ tí yóò la inú rẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọkọ́ àti àdá, ó sì tún ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò fi wọ́n bá a ro ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Tíṣà kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ní ẹfun. Ẹfun yìí ni yóò fi ya àpótí ńlá kan sójú pátákó, yóò ya àpótí kékeré lé e lórí, yóò fa okùn kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ní: "Máòsì nìyẹn o. Ẹ yà á sínú nóòtù yín, kí ẹ kọ orúkọ sí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀." Àwọn ọmọ á yà á. Nígbà tí èsì bá jáde, ọmọ tó mọ àwòrán yà jù ni yóò gba ipò kìíní nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má fajú ro. Ẹni a bá fẹ́ràn là ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Lẹ́yìn àwòrán ló kan ìtàn. Ábákọ́ọ̀sì ló máa ń ṣíwájú. Bó bá ti kọjá, ó kan Blaise Pascal, ará Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò ní 1642. Pascal ò tíì jókòó tán tí Charles Babbage fi wọlé. "Ta ni bàbá kọ̀ǹpútà?" Kíláàsì á dáhùn bí ìjọ tí ń ṣe Àmín: "Charles Babbage, sà!" Ọmọ tí kò lè dárúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀ mọ bàbá kọ̀ǹpútà lórí. Ohun tí wọn ò sọ fún un ni pé Babbage náà, orí ìwé ló ya ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ sí. Kò rí i kọ́ parí títí ó fi kú ní 1871. Ẹ ò wá rí i pé tíṣà wa ló jogún bàbá náà gan-an?

Láti ibẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ìran kọ̀ǹpútà: ìran kìíní, ìran kejì, ìran kẹta. ENIAC tí wọ́n fi han aráyé ní 1946 gba odidi yàrá, túùbù inú rẹ̀ sì lé ní 17,000. Ọmọ mọ iye túùbù inú ẹ̀rọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti tú palẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan èyí tó wà ní ọ́fíìsì púrínsípà. Ìran kẹta ni wọ́n máa ń dé tí táàmù fi ń parí. Tí wọ́n bá wọlé padà, ábákọ́ọ̀sì.

Yàrá kọ̀ǹpútà wà o, ẹ má parọ́ mọ́ wọn. Àwọn èèyàn ńlá ló wá ṣí i, ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n gé lọ́jọ́ náà ṣì so mọ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ púrínsípà, púrínsípà wà ní ìpàdé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣèèṣì ṣí i, ẹ ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wọ́n ní eruku ẹsẹ̀ ló ń kó fáírọ́ọ̀sì ran kọ̀ǹpútà. Ẹ ó bá wọn lábẹ́ aṣọ, gbogbo wọn to ìlà sùn. "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ọmọ mẹ́jọ á yí ọ̀kan po, ẹyọ kan ni wọn yóò gbà láyè kó tẹ Enter, àwọn méje yòókù á bá a yọ̀. Ibẹ̀ ni iná yóò ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, epo ni ò sí. Ẹ padà sí kíláàsì, ẹ lọ kọ nóòtù lórí ohun tí ẹ rí.

JAMB, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí fásitì, mọ irú ọmọ tí à ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Nígbà tí ìdánwò wọn ti di ti orí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí ọmọ má da ara rẹ̀ láàmú torí máòsì, bọ́tìnì mẹ́jọ ti tó o: A, B, C, D láti fi mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi ìwé sílẹ̀, R fún ẹni tó bá yí ọkàn padà. Ọdún mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ girama, bọ́tìnì mẹ́jọ.

Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí fásitì, níbi tí ẹ̀fẹ̀ pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi bírò kọ kóòdù sínú ìwé ìdánwò. "Kọ ètò kan ní C++ tí yóò gba nọ́ńbà mẹ́wàá, tí yóò sì sọ èyí tó tóbi jù." Ọmọ á kọ ọ́, á fi rúlà fàlà sábẹ́ àkọlé. Lẹ́kítọ́rà á wá sọ ara rẹ̀ di kọ̀ǹpútà, bírò pupa lọ́wọ́, á máa wá semicolon tó sọnù. Kọ̀ǹpútà tiẹ̀ máa ń sọ ìlà tí àṣìṣe wà. Ọ̀gá ò ní sọ, 4 nínú 20 ni yóò kọ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í sì í bá ìyàwó jà nílé kó tó wá jókòó ti ìwé ọmọ.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti iostream.h tí wọ́n ní kí ọmọ kọ sókè ètò C++. Láti 1998 tí wọ́n ti fi ìlànà C++ lélẹ̀ ni wọ́n ti yọ ".h" yẹn kúrò, iostream lásán ló kù. Ṣùgbọ́n handout ọ̀gá wa dàgbà ju ìlànà náà lọ. Turbo C++ olójú búlúù, tí Borland gbé jáde ní 1990, ni wọ́n fi kọ́ ọ̀gá, òun náà ló fi ń kọ́ni. Láptọ́ọ̀pù òde òní ò sì gbà á mọ́, àfi kéèyàn kọ́kọ́ wá DOSBox tí yóò bá a tan Turbo jẹ pé ayé DOS la ṣì wà. Bí ọmọ bá wá kọ ọ́ bó ṣe tọ́, láìsí ".h", bírò pupa á yí i ká. Ọmọ tó kọ ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ló máa gba máàkì. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó ti kàn yín. "Design and Implementation of" tí gbogbo yín fi ń bẹ̀rẹ̀ àkọlé pírójẹ́ẹ̀tì, ṣé ìyá kan náà ló bí yín ni? Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́nu géètì ló ni í, ó sì ti tà á fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Ti hòtẹ́ẹ̀lì ni tẹ́lẹ̀. Ẹ yí àkọlé rẹ̀ sí ti ọsibítù, ẹ gbàgbé inú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá ṣàlàyé, ẹ forúkọ aláìsàn sílẹ̀, ètò yín sì bi í bóyá yàrá oníbẹ́ẹ̀dì kan tàbí méjì ló fẹ́, àti bóyá yóò jẹ oúnjẹ àárọ̀. Ẹ ní, "Sà, a fẹ́ kí ara tù wọ́n ni." Ẹ gba B.

Ẹ̀yin tíṣà, mo tún padà sọ́dọ̀ yín. BASIC, èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ yín ń dà kọ láti ojú pátákó, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe bí i? John Kemeny àti Thomas Kurtz, olùkọ́ ìṣirò ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1964 ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ọmọ tí kò tilẹ̀ ka sáyẹ́ǹsì lè jókòó ti ẹ̀rọ, kó tẹ nǹkan sí i, kó rí èsì lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọ́n nígbà náà, ni wọ́n bá ṣe é kí ọ̀pọ̀ ọmọ lè máa lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Èdè tí wọ́n ṣe torí kí ọmọ lè fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ni ẹ wá sọ di àkọ́sórí. 10 PRINT "HELLO" ti wà nínú nóòtù látọdún yìí wá, ẹnikẹ́ni ò tíì rí HELLO náà sójú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀bi yín kọ́ ló pọ̀ jù. Ẹlòmíì nínú yín, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ni wọ́n gbà á fún, fóònù ńlá ni púrínsípà rí lọ́wọ́ rẹ̀ tó ní, "Ìwọ ni wàá máa kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà." Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín ti ń kọ́ Python lórí fóònù tó ti sán lójú, pẹ̀lú dátà òru tó pọ́ọ́kú, lọ́dọ̀ ará Íńdíà kan tó wà lórí YouTube. Òun ni wọ́n ń pè ní "ọ̀gá mi" báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Fóònù àwọn ọmọ tí ẹ gbà, tí ẹ tì mọ́ inú dúróà, ó fi agbára ju ENIAC lọ jìnnà. Ẹ yá wọn ní wákàtí kan péré lọ́sẹ̀, kí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta sí i, kí wọ́n rí i kó ṣiṣẹ́. Púrínsípà, ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ dà?