Òkú Ẹ̀rọ Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ̀yin ará ilé, tí wọ́n bá bi yín, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ o. Èmi kì í ṣòfófó. Ohun tí ojú mi bá rí ni ẹnu mi ń ròyìn, ojú mi ló kàn ń rí jù. Ẹjọ́ mi wá ni?

Ìfági oníná Bàbá Káfíńtà ló kú. Ẹ mọ̀ ọ́n, Hitachi aláwọ̀ ewé yẹn tó máa ń jí gbogbo agbo ilé kí ladaání tó pe ìrun. Ayé Babangida ló ti rà á, kò tíì gbé ìyàwó rẹ̀ wálé láti Iléṣà nígbà náà. Ìyẹn ni obìnrin náà fi máa ń pe ẹ̀rọ yẹn ní ìyálé òun. Kò sì fi ṣeré o! Ọdún tí òjò wọ yàrá wọn, ẹ̀rọ ni ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, kó tó rántí gèlè ìyàwó.

Iná ló pa á. Kì í ṣe iná tó lọ, iná tó dé ni. Lọ́jọ́ náà, iná fi agbára dé, gílóòbù Ìyá Alágbo bú gbàù, ìfági sì rú èéfín pẹ́ẹ́ nídìí, ó dákẹ́. Òórùn rẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ mi títí di alẹ́.

Bàbá dì í sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó gba Ọjà Ọba lọ. Ọjà tó wà níwájú ààfin Àtáọ́jà yìí, kí lèèyàn wá débẹ̀ tí kò rí? Irú wà, aró wà, ìṣó wà, ìgbín wà. Ọmọkùnrin tó ń ta irinṣẹ́ yí ẹ̀rọ náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, wọn ò ṣe irú èyí mọ́. Ẹ ra ti Ṣáínà tuntun.” Bàbá gba ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà, kò tiẹ̀ dágbére. Ó délé, ó ní ọmọ àná rí òun fín.

Àkọ́bí rẹ̀ wá tẹ fóònù títí. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ní 2017, àwọn Hitachi ta iléeṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ wọn fún àwọn olówó Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń jẹ́ KKR. Nígbà tó fi máa di 2018, orúkọ ti yí padà, ó di HiKOKI. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, Metabo HPT ni wọ́n ń pè é. Bí obìnrin tó lọ fẹ́ ọkọ mìíràn tí kò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó bí sílé àkọ́kọ́! Ta ló fẹ́ wá sọ fún káfíńtà Òṣogbo pé orúkọ ti yí? Àwa tí à ń gbé ẹ̀yìnkùlé ara wa gan-an, a ò gbọ́.

Ẹ wo ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Aláta ní tirẹ̀. Lister ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ní Dursley, ní Ìlú Ọba, láti nǹkan bí 1930. Àwọn òyìnbó ti pa á tì tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà jókòó tì í, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, torí náà kò sí ìdè tàbí páìpù tí Ìyá Aláta wá tí kò rí. Ẹ̀rọ tó ní ajogún ni. Ó sì ti tó ọdún méjì tí obìnrin náà ti ń jẹ mí lówó ata, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ là ń sọ.

Ká padà sórí ìfági Bàbá Káfíńtà. Kí n má parọ́, béárìn rẹ̀ kò yọ wọ́n lẹ́nu. Ara béárìn ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí, nọ́ńbà náà kò sì mọ ìlú kankan. Ẹni tó bá ní 608, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8, ẹ̀yìn rẹ̀ 22, nínípọn rẹ̀ 7, ì báà jẹ́ Jámánì ló ṣe é, ì báà jẹ́ Ṣáínà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kò ní jẹ́ kí ọlọ́jà bi òun pé ẹ̀rọ wo ni. Bẹ́líìtì náà, wọ́n fi okùn wọn òkú àtijọ́, wọ́n rí ìkejì rẹ̀. Armature ni wàhálà, ọ̀pá tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́, tó ń yí bírí nínú ikùn ẹ̀rọ. Ìyẹn ló jó.

Wọ́n ní kí Bàbá gbé e lọ fún Ọ̀gá Oníwáyà lẹ́bàá ibùdókọ̀ réluwè. (Réluwè tó ti dé ìlú yìí láti 1907, ẹ bá mi bi òun náà ibi tó ti ń rí ẹ̀yà ara rà.) Iṣẹ́ ọ̀gá yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bó bá ń tú wáyà àtijọ́, ó gbọ́dọ̀ ka iye ìgbà tí wọ́n wé e, kó sì mọ bó ṣe nípọn tó. Bí iye náà bá dín, ẹ̀rọ á gbóná, á tún jó. Ọ̀gá wá ń kà á lọ, oníbàárà kan yọ, ó ní “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá, ṣé ilé ń kọ́?” Iye fò lórí rẹ̀. Ó fojú bù ú. Bàbá gbé e délé, ó fá pákó kan péré, òórùn ọjọ́sí tún dé.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá kò fẹ́ dá owó padà. Ó gbàgbé ibi tí ìyàwó Bàbá Káfíńtà ti wá. Ìjẹ̀ṣà ni! Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe Òṣómàáló, ó ta aṣọ àwìn kiri ìlú, ó sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde. Obìnrin náà ká ìró sókè, ó lóṣòó sójú ṣọ́ọ̀bù, ó yọ ẹ̀pà, ó ń jẹ ẹ́. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé, á kí i, á sì ṣàlàyé fún un látìbẹ̀rẹ̀. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí owó fi pé.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, ìlú wo là ń gbé? Òṣogbo níbí ni ìjọba àpapọ̀ àti iléeṣẹ́ HMT ti Íńdíà ti dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní 1980, kí wọ́n lè máa ṣe ẹ̀rọ tó ń bí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń fi aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù wọn yan kiri nígbà náà, kò kí ẹnikẹ́ni. Lónìí, a wá ń dàámú kiri nítorí ọ̀pá tí kò gùn tó apá ọmọdé.

Ẹ má tiẹ̀ jẹ́ n sọ ti dírìlì tí àbúrò Bàbá Káfíńtà fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Fóòtì 120 ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀, tiwa lé ní 220. Ẹ̀ẹ̀kan ló ké. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ẹnu rẹ̀ tó ń di bíìtì mú, wọ́n fi sára òmíràn, ó ń ṣiṣẹ́ dòní. Òun ló jẹ́ kí n rántí pé òkú ẹ̀rọ lè jí ẹ̀rọ mìíràn.

Ọjọ́ fídáù ogójì ọjọ́ ọkọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, káfíńtà ni olóògbé náà, wọ́n ní kí n bá wọn mú ìkòkò wá láti yàrá. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì (ìkòkò ni mo ń wá o). Kí ni mo rí? Ìfági Hitachi aláwọ̀ ewé, ẹlẹgbẹ́ ti Bàbá Káfíńtà gẹ́lẹ́! Irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là sí méjì, ó dà bíi pé ó jábọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ pé. Àpò èlùbọ́ ni wọ́n fi tì í.

Mo sọ fún Bàbá Káfíńtà. Ó wọ bàtà òdì lọ síbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ní òun ò lè ta ohun tí ọkọ òun fi sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ó dáa, òun ò ní tà á, ṣùgbọ́n tábìlì ìpàtẹ òun ti ń mì… Bàbá ti ń wọn tábìlì kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Armature wọlé wẹ́rẹ́. Kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná fún armature ló kù, ti òkú ti jẹ tán, èyí tí wọ́n rí rà sì tóbi ju ihò rẹ̀ lọ. Bàbá jókòó sílẹ̀, ó ń ha á mọ́ sìmẹ́ńtì, ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì, ìka rẹ̀ dúdú kirikiri. Á tì í wò, á yọ ọ́, á tún ha á. Ó ní bó bá fún jù, á há, kò ní kan bàbà, iná á máa ta pàràpàrà. Nígbà tó wá ń yọ̀ wọlé tó ń yọ̀ jáde fúnra rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ òní, ó ti jí gbogbo wa. Súwíìṣì rẹ̀ kì í pa á mọ́, púlọ́ọ̀gì ló ń fà yọ, ṣùgbọ́n ó ń fági. Ẹ wá bá mi bi í: èmi tí mo rí ẹ̀rọ náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ni ìpín tèmi? Ó ní òun á kan àpótí fún mi. Mi ò tíì rí àpótí. Mo ti bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́, ó ní kí n lọ ra ẹ̀pà, òun á bá mi lóṣòó tì í.