Ọ̀túnba Asáréṣàánú

Àwọn àgbà ní èèyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ti Ọ̀túnba Asáréṣàánú yàtọ̀, torí kò sí ẹ̀gún níbi tó ti ń sáré. Títì ọlọ́dà ni, ní Lẹ́kí tàbí Ìkòyí, láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá a lé àwọn ọlọ́kọ̀ kúrò lọ́nà. Bàtà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Nọ́ńbà wà láyà rẹ̀, orúkọ báńkì wà lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán ọmọdé kan tó rù hangogo sì wà lábẹ́ nọ́ńbà náà. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wọ irú aṣọ yìí. Aṣọ ẹbí ni, kò kàn ní gèlè ni. Kílómítà márùn-ún ni wọn yóò sá nítorí ọmọ tálákà. Bí Ọ̀túnba bá sá díẹ̀, á rìn púpọ̀. Bí ayàwòrán bá yọjú, á tún ki eré mọ́lẹ̀. Ambúláǹsì ń rọra tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì méjì àti ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, kí nǹkan kan má bàa ṣe aláàánú ọmọ. Ní òpin eré, wọn á gbé sọ̀wédowó kan tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ jáde, wọn á ya fọ́tò, wọn á sì pín ráìsì.

Kò yẹ ká pè é lólè. Owó tó kó jọ lè dé ibi tó ní yóò dé, àánú ọmọ sì lè máa ṣe é tọkàntọkàn. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ gàdàgbà sára pátákó eré náà ni mo ní í bá a fà: ìlera dọ́gba fún gbogbo ọmọ. Dọ́gba kẹ̀? Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ẹbí ní Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí sílé àwọn tó rí já jẹ jù lọ, nǹkan bíi 53 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Nílé àwọn tó tòṣì jù lọ, 173 ni. Ní Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn tiwa, 62 ni. Ní Àríwá Ìwọ̀ Oòrùn, 187. Ìyẹn ni pé agbègbè tí ikú ọmọ ti kéré jù lọ ni Ọ̀túnba ti ń làágùn, torí ibẹ̀ ni kámẹ́rà pọ̀ sí. Ohun tó sì ń pa àwọn ọmọ yìí kì í ṣe àìsàn àràmàǹdà: ibà ni, òtútù àyà ni, ìgbẹ́ gbuuru ni. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó di mínísítà ìlera lọ́dún 1985, gbé ìtọ́jú lọ bá àwọn èèyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Lásìkò rẹ̀ ni àwọn ìyá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń po omi, iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ìlà ìparí tí èèyàn lè ti na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àánú ní ojú, ohun tó bá rí ló ń ṣe. Ọmọ tó wà lára aṣọ á rí owó iṣẹ́ abẹ. Èyí tí ibà dá dùbúlẹ̀ lábúlé tí ayàwòrán kò dé kò ní rí oògùn ibà. Ẹ̀tọ́ ni kì í béèrè ọmọ ta ni.

Lọ́ńdọ̀nù ni Ọ̀túnba ti kó àṣà yìí. Láti 1981 ni wọ́n ti ń sá máratọ́ọ̀nù níbẹ̀ lọ́dọọdún, tí ọ̀pọ̀ asáré sì fi ń tọrọ owó fún ẹgbẹ́ aláàánú. Ṣùgbọ́n láti oṣù Keje 1948 ni ìjọba wọn ti ń fi owó orí tọ́jú aláìsàn. Bí inú bá ń run ọmọ kan ní àdúgbò Peckham níbẹ̀ lóru débi iṣẹ́ abẹ, wọn kò ní kí ìyá rẹ̀ lọ sanwó káàdì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ara rẹ̀ á ti yá kí asáré kankan tó so okùn bàtà. Èènì ni owó eré ìje lọ́hùn-ún. Fìlà ni, orí ti wà nílẹ̀. Ọ̀túnba ra fìlà, ó gbé e wálé, ó fi dé afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kọ́gbọ́n: láwọn ọdún 1950, ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà sọ ìtọ́jú ọmọdé di ọ̀fẹ́, owó ìlú ni wọ́n sì fi ṣe é.

Wọ́n á ní díẹ̀ sàn ju òfo lọ. Òótọ́ ni, fún ọmọ tí díẹ̀ náà bá kàn. Wọ́n á ní eré náà ń la aráyé lójú. Ojú ta ni? Ìyá tó sin ọmọ kò nílò ẹni tí yóò là á lójú. Wọ́n á wá ní ìjọba ló kọ̀ tí kò ṣe ojúṣe rẹ̀, kí ni kí Ọ̀túnba ṣe? Ìdáhùn èyí jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ta ló fọn fèrè kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Ọlọ́lá tó ń fọwọ́ sí ìsúnná ni, àlejò pàtàkì ọjọ́ náà. Nínú gbogbo èrò tó wà lórí títì, òun nìkan ni wọ́n lè bi léèrè ìlera ọmọ, òun náà ni Ọ̀túnba sì dọ̀bálẹ̀ fún, tó ń dúpẹ́ àtìlẹ́yìn. Níbí yìí ni eré náà ti ń pa wá lára: ó sọ gbèsè di ìtọrẹ, ó sì sọ onígbèsè di alátìlẹ́yìn.

Kí Ọ̀túnba máa sáré rẹ̀ lọ, ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmọ́ kó gbé òpin eré náà lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ka ìsúnná, kó béèrè ìdá 15 nínú 100 tí àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí fún ètò ìlera ní Àbújá, ní oṣù Kẹrin 2001. Ìsúnná ìjọba àpapọ̀ wa kò tí ì dé ibẹ̀ rí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìlérí yẹn ti tó ẹni tí ń pọn ọmọ tirẹ̀ lọ sílé ìwòsàn.