Ẹni Tó Fìdí Rẹmi Tó Tún Wọlé

Ẹ sún mọ́ ibí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí nínú ilé tí à ń gbé ní Glasgow yìí, ògiri létí. Ilé olókùúta pupa ni, alájà mẹ́rin, ìdílé méjì-méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń gùn. Àwọn òyìnbó ní fúláàtì ni. Èmi mọ agboolé tí mo bá rí i. Ẹ má sì pè mí ní olófòófó o. Ohun tí mo bá fojú rí ni mo máa ń sọ. Èyí tí mi ò bá fojú rí, mo mọ ẹni tó rí i.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìjẹ̀bú àti ìyàwó rẹ̀ ni. Àjà kejì, ọwọ́ òsì, àwọn tí wọ́n máa ń dín dòdò ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí wọn kì í fi lọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà á ti kíyè sí i pé bí ẹnì kan bá ti dárúkọ ìbò lórí àtẹ̀gùn, ìyá á pòṣé, bàbá á sì rántí pé òun gbé omi kaná. Ẹ̀yin rò pé ọ̀rọ̀ owó ni, àbí ọ̀rọ̀ obìnrin. Kò kan obìnrin kankan. Ìwé ìdìbò kan tó ní àwọ̀ ìbẹ́pẹ ló dá a sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí. Skọ́tlándì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀ ní Edinburgh, ó yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1997 ni wọ́n dìbò pé àwọn fẹ́ ẹ, ní 1999 ni wọ́n yan àwọn aṣòfin àkọ́kọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní Holyrood, ẹ ò gbọ́ nípa ẹ̀ ni? Ìjọba fojú bù ú pé kò ní ju 40 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa kó wọ ibẹ̀ ní 2004, owó ti di 414 mílíọ̀nù. Mo bi Bàbá Ìjẹ̀bú pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọntirátọ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kí la tiẹ̀ ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, ìwé ìbẹ́pẹ.

Aṣòfin 129 ló ń jókòó níbẹ̀. Àwọn 73 ń wọlé bí tilé wa: ẹkùn kan, ẹni kan, ẹni tó bá ti léwájú ló gbé e lọ, ì báà jẹ́ ìbò kan ló fi ju ẹnì kejì lọ. Inú àwọn 56 yòókù ni àrà wà. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí agbègbè ńlá 8, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní àga 7 tí kì í ṣe ti ẹkùn kankan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní ìwé méjì ní ibùdó ìdìbò. Orúkọ èèyàn ló wà lórí èyí tó ní àwọ̀ àlùkò. Ti ẹkùn rẹ nìyẹn. Orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí aláwọ̀ ìbẹ́pẹ. Ti agbègbè nìyẹn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á ti to àwọn èèyàn tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìbò tó pé, ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó máa tẹ̀ lé e, ìwọ tó ń dìbò ò sì lè tún un tò. Ẹ wá ro irú ìjà tí wọ́n á ti jà nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa wà lókè. Mi ò sí níbẹ̀ o.

Ìwé méjèèjì ti fìgbà kan kó wọn sí wàhálà. Ní 2007, wọ́n ní kí wọ́n tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo, apá òsì, apá ọ̀tún. Ìbò tó bàjẹ́ lé ní 140,000! Ọ̀pọ̀ ló fi àmì méjì sí apá kan, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ lófìfo. Ọgbọ́n tí àwọn SNP, ẹgbẹ́ tó fẹ́ òmìnira Skọ́tlándì, dá lọ́dún náà tún ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọn ò fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn ṣáájú lórí ti agbègbè, orúkọ olórí wọn ni, "Alex Salmond for First Minister" ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé kó di olórí ìjọba Skọ́tlándì. Kí ló dé? Torí a-b-d ni wọ́n fi ń to orúkọ, "A" ló sì ń wà lókè. Ẹ ò rí i pé kò síbi tí wọn kì í ti í dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Àga 47 ni wọ́n ní, ẹgbẹ́ Labour ní 46.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wa. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 2021, Bàbá Ìjẹ̀bú, ìyá, àti ọmọ wọn ọkùnrin wọ ìbòmú lọ dìbò. Ọmọ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 16 ni, wọ́n sì gbà kí ọmọ ọdún 16 dìbò ní Skọ́tlándì. Àwa ọmọ Nàìjíríà náà ń dìbò níbí, torí orílẹ̀-èdè wa wà nínú Commonwealth. Kò di dandan kó o gba pásípọ́ọ̀tù wọn. Àbúrò kan tó wá kàwé, tó ń gbé àjà ìsàlẹ̀, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tan hítà, wọ́n ti fi káàdì ìdìbò ránṣẹ́ sí i.

Ìyá, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni méjì lójú ẹ̀ bí kò ṣe Nicola Sturgeon, olórí SNP àti ti ìjọba Skọ́tlándì nígbà náà. Ẹkùn Glasgow Southside, níbi tí à ń gbé yìí, ni Sturgeon ń ṣojú fún lọ́dún náà. Anas Sarwar, olórí Labour ti Skọ́tlándì nígbà náà, ló kó ara ẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Ohun tí SNP ń kéde ni pé kí èèyàn fún wọn ní ìbò méjèèjì, ìyá sì ṣe bẹ́ẹ̀ láìbèèrè ìdí. Nígbà tí wọ́n ka ti ẹkùn tán, Sturgeon wọlé, ó tiẹ̀ tún fi Sarwar sílẹ̀ lẹ́yìn réré. Ìyá jó láti àjà kejì dé ìsàlẹ̀, ó jó gòkè padà. Òyìnbó arúgbó tó ń gbé lókè ṣílẹ̀kùn, ó rò pé páìpù omi ló bẹ́.

Àmọ́ ìgbà tí wọ́n wá ka ti agbègbè, ni wọ́n bá dárúkọ Anas Sarwar pé òun náà ti di aṣòfin.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn nígbà náà, bílẹ́ńdà wọn ni mo wá dá padà. Ìgbà Kòrónà ni, òfin ò gbà kéèyàn wọ ilé onílé, àmọ́ òfin ò ní kéèyàn má dúró sórí àtẹ̀gùn. Ìyá ń pariwo, "Ẹni tá a fìdí ẹ̀ janlẹ̀ lójú gbogbo ayé! Ojú fèrèsé ló gbà wọlé ni?" Bàbá, tó ti fi ìṣirò owó jẹun fún ọgbọ̀n ọdún, fa àpòòwé bílì gáàsì yọ, ó fi lé ògiri. Ó kọ iye ìbò ìwé ìbẹ́pẹ ti gbogbo agbègbè Glasgow síbẹ̀: SNP 133,917, Labour 74,088, Conservative 37,027, Green 36,114.

Ojú ìyá tàn. "O ò rí i? Àwa la pọ̀ jù."

"Ó dáa. Ẹkùn 9 ló wà ní agbègbè wa. Mélòó ni ẹgbẹ́ yín kó?"

"Mẹ́sẹ̀ẹ̀sán!"

"Fi ẹyọ kan lé e."

"Mẹ́wàá. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Fi 10 pín ìbò yín." Ó pín in fúnra ẹ̀: 13,391 àti àṣẹ́kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pín ẹran iléyá rí nínú agboolé, kò lè ṣòro fún yín. Ilé tó bá ti gbé itan lára màlúù àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló máa dúró sí tí wọ́n bá ń pín ìkejì, bó ti wù kí èèyàn inú ilé náà pọ̀ tó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé ìbẹ́pẹ nìyẹn. Iye àga tí ẹgbẹ́ bá ti ní, wọ́n á fi ẹyọ kan lé e, òun ni wọ́n á fi pín ìbò rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù lẹ́yìn pípín ló máa mú àga tó kàn, wọ́n á sì tún un pín. Agbẹjọ́rò ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Victor D'Hondt, ló gbé ìṣirò náà jáde ní 1878. Mo máa ń rò ó pé ó ní láti jẹ́ àbíkẹ́yìn.

Labour ò ní ẹkùn kankan ní Glasgow, ẹyọ kan ni wọ́n fi pín tiwọn, ó sì wà ní 74,088 géérégé. Àwọn ló mú àga àkọ́kọ́. Sarwar ló wà lókè pátápátá nínú orúkọ tí wọ́n tò, ó bá wọlé. Wọ́n wá fi 2 pín Labour: 37,044. Conservative ní 37,027. Ẹ gbà mí! Ìbò 17 ni Labour fi tún mú àga kejì. Ẹ̀kẹta di ti Conservative, ẹ̀kẹrin ti Green, ẹ̀karùn-ún àti ẹ̀kẹfà padà sọ́dọ̀ Labour, Conservative fi ẹ̀keje palẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà yẹn, SNP jókòó ti 13,391 wọn, kò kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá ká àpòòwé náà, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ì bá fi sínú. "Ìbò rẹ kejì, ìyàwó mi, ó ti ṣòfò."

Hẹ̀n! Mo fẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tó sọ. Jákèjádò Skọ́tlándì, ìbò ìwé ìbẹ́pẹ tí SNP gbà lé ní mílíọ̀nù kan, àga 2 péré ni wọ́n rí níbẹ̀, torí wọ́n ti kó ẹkùn 62. Obìnrin ni méjèèjì, Emma sì ni orúkọ àwọn méjèèjì: Emma Harper àti Emma Roddick. Àmọ́ ìyá náà kì í ṣe òpè. Ó ní, "Kí wọ́n tó kà á, ta ló sọ fún ẹ pé a máa kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán? Tá a bá pàdánù mẹ́ta ńkọ́, kí la máa fi dí i?" Bàbá dákẹ́. Ìyá bá bi í léèrè pé ta ni bàbá fi ìwé ìbẹ́pẹ tirẹ̀ dìbò fún.

Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Alba ni! Ẹgbẹ́ tí Alex Salmond gbé síta ní oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an, Salmond tó ti jẹ́ ọ̀gá Sturgeon tẹ́lẹ̀ kí ìjà tó dé. Orí ìṣirò tí bàbá kọ sẹ́yìn àpòòwé ni Salmond gbé ẹgbẹ́ náà lé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ òmìnira Skọ́tlándì, ẹ fún SNP ní ti ẹkùn, ẹ fún wa ní ti agbègbè, wọn ò ní fi ohunkóhun pín tiwa. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì bá ìṣirò mu. Ohun tó kù díẹ̀ ni pé èèyàn ò dìbò fún wọn. Wọn ò rí àga kan.

"Tèmi ṣòfò," ni ìyá wí, "tìẹ wá ńkọ́, akáńtáǹtì?"

Ọmọ ọdún 16 yẹn nìkan ni ìbò ìbẹ́pẹ rẹ̀ mú nǹkan wálé. Green ló dìbò fún, Patrick Harvie tiwọn sì wọlé. Inú bí òun náà, torí ká ní Green tún rí ìbò tí kò pé 1,000 kún tiwọn, wọn ì bá gba àga keje lọ́wọ́ Conservative. Ẹgbẹ́ kékeré kan sì wà lórí ìwé yẹn tó ń jẹ́ Independent Green Voice, tó gba ìbò 2,210 ní Glasgow. Àwọn Green figbe ta pé orúkọ náà ló ṣi àwọn èèyàn àwọn lọ́nà. Ta ló máa mọ̀? Inú àpótí ìbò, kò sẹ́ni tó ń bi ìwé ní ohun tí ẹni tó fàmì sí i ní lọ́kàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń sọ lọ́kàn pé kí ni gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ yìí wà fún, kí ẹni tó bá wọlé wọlé. Ẹ rántí Èkó ní 2019: àga 40 ló wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kó ogójì. Ṣé kò sẹ́ni tó dìbò fún ẹlòmíì ní Èkó ni? Ní Glasgow, ìbò agbègbè SNP ò tó ìdajì, síbẹ̀ wọ́n kó gbogbo ẹkùn. Láìsí ìwé ìbẹ́pẹ, àwọn yòókù á lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Pẹ̀lú rẹ̀, àga 16 ló wà fún agbègbè náà: SNP 9, Labour 4, Conservative 2, Green 1. Èmi fara mọ́ ọn. Ìyá ò fara mọ́ ọn.

Ohun tí èmi fi ń dá ètò náà lẹ́bi ni ọ̀rọ̀ àga tó bá ṣófo. Ti ẹkùn, wọ́n á tún ìbò dì. Ti agbègbè, ẹni tó kàn nínú orúkọ ẹgbẹ́ á kàn bọ́ síbẹ̀ ni. Nígbà tí Bashir Ahmad, tí Glasgow yàn ní 2007, kú ní 2009, Anne McLaughlin ló bọ́ sípò rẹ̀ láìdi ìbò kankan. Margo MacDonald wá kú ní 2014. Òun ò ní ẹgbẹ́, ńṣe ló dá dúró ní agbègbè Lothian, kò sì sí orúkọ kankan lẹ́yìn tirẹ̀. Àga rẹ̀ ṣófo títí di ìbò 2016.

Ìjà àjà kejì rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ ìyá àti ti ọmọ jọ ń ṣe. Àga 64 ni SNP ní lápapọ̀ ní 2021, wọ́n sì nílò 65 kí wọ́n tó lè dá pàṣẹ, ni wọ́n bá lọ bá àwọn Green ṣe àdéhùn. Humza Yousaf gbapò Sturgeon ní 2023. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024, ó lé àwọn Green jáde kúrò nínú ìjọba. Àwọn Green ní kò burú, àwọn á bá àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ dìbò. Ọjọ́ 29, ó kéde pé òun ń fipò sílẹ̀.

Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹnu ni kò lè pa dé. Ìyá rẹ̀ gbé àwo ọbẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀, ó ní kó lọ bá Patrick Harvie kó ro ẹ̀bà fún un.