Èmi Ni Mo Kọ́kọ́ Yọ̀ Ṣubú

Mo ní mo fẹ́ tún balùwẹ̀ àwọn òbí mi ṣe ní Ahoyéyé. Àfi bí mo ṣe tún un bàjẹ́. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyá mi ń tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, orúnkún àwọn méjèèjì ò sì gbọ́ràn mọ́. Kútọnu ni mo ń gbé. Owó díẹ̀ wà lápò mi, íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí fóònù mi, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun.

Ẹni tí kò bá mọ Ahoyéyé, ọ̀kan ni nínú àrọ́ńdísímáà, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀, márùn-ún tó wà lábẹ́ Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa. Láti 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, èkùrọ́ kì í sì í wọ́n wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ àti èèpo èkùrọ́ ni wọ́n dà sílẹ̀ balùwẹ̀ àtijọ́ ilé wa. Páànù ni wọ́n fi gbá a yí ká. Òkúta pẹlẹbẹ ńlá kan wà láàárín tí bàbá mi máa ń jókòó lé, omi a sì máa ṣàn lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ojú máa ń tì mí bí àlejò bá dé. Kí n má purọ́, ìtìjú tèmi ni mo lọ náwó lé lórí, orúnkún tiwọn kàn bá a rìn ni.

Lọ́jà, ẹni tó ń ta káró, ìyẹn táìlì àwọn ará Èkó, bi mí bóyá ti ògiri ni mo fẹ́ àbí ti ilẹ̀. Mo ní kó fún mi ní èyí tó ń dán jù. Ti ògiri ló ń dán jù. Nígbà tí mọlémọlé náà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo bi í pé owó ta là ń ná.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ìyá mi bọ́ bàtà, ó fi gìgísẹ̀ fa ilẹ̀ funfun náà díẹ̀, ó sì yára fa ẹsẹ̀ padà. Ọmọ Issaba ni, lórí ilẹ̀ dúdú alámọ̀ tó máa ń yọ̀ bọ̀rọ́ bí òjò bá rọ̀. Ó ti mọ ibi tó ń yọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ó ní, “Ó mọ́ o.” Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀, ni mo bá ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n. Mo gbé omi wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọṣẹ dúdú ha ara láti orí dé ẹsẹ̀. Ará ilé àtàwọn tó wá kí wa wà níta, mo sì ń ṣàlàyé fún wọn láti inú ibẹ̀: “Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ dìde báyìí, irin yìí lẹ máa…” Ẹsẹ̀ mi ti lọ. Mo di irin ìdìmú náà mú gírígírí, òun náà ò sì fi mí sílẹ̀: ó bá mi wálẹ̀. Ògiri alámọ̀ tí wọ́n rẹ́ símẹ́ńtì sí lára ni mo ní kí wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn án mọ́. Mo bá ara mi nílẹ̀, irin lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ ọba, erùpẹ̀ ògiri lẹ́nu, ọṣẹ lójú.

Wọ́n sáré wá ti ilẹ̀kùn. Inú ni ilẹ̀kùn náà ń ṣí sí, ojúgun mi ló sì dí i. Bí wọ́n ṣe ń tì í ni mò ń ké. Ẹnì kan ní kí wọ́n tú irin tó gbé ilẹ̀kùn ró, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí sínú, inú ni irin rẹ̀ máa ń wà. Ìyá mi béèrè bóyá mo ṣì wà láyé. Bàbá mi ní ṣé bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ní Kútọnu nìyẹn, kí òun lè múra sílẹ̀.

Mo rọra ká ẹsẹ̀ kò, ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n ju ìró kan sí mi. Èmi lè ká ẹsẹ̀ kò ni o. Ká ní bàbá mi ni, tí egungun ìbàdí sì ti dá ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní èèyàn bí 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún, àwọn tó sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń pa jù. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ṣubú ni mo tó ka ìyẹn.

Èyí tí mo kà ṣáájú, mo kà á lákàjù. Ìlànà tó wà lábẹ́ ADA, òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990, ní kí ìjókòó ilé ìgbẹ́ ga tó 43 sí 48 sẹ̀ǹtímítà, kó lè rọrùn fún ẹni tó ń ti orí kẹ̀kẹ́ arọ bọ́ síbẹ̀. Mo ra èyí tó ga jù, mo tún gbé e ka orí pèpéle. Ìyá mi kò ga rárá. Ó jókòó tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro. Ó ní ṣé kí òun kọ́kọ́ lọ kọ́ ọ̀pẹ gígùn kí òun tó lè yàgbẹ́ ni.

Ti iná tún wà níbẹ̀, èyí tó ń gba agbára lára oòrùn, tó sì ń tàn fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá kọjá. Ewúrẹ́ ló ń kọjá jù lóru. Àkùkọ rò pé ilẹ̀ ti mọ́, àdúgbò ò sùn. Ìyẹn nìkan ni wọ́n dárí rẹ̀ jì mí, nítorí bàbá mi máa ń dìde lóru láti tọ̀.

Ìyá mi ló darí àtúnṣe. Wọ́n hú káró kúrò. Mọlémọlé da símẹ́ńtì. Kó tó gbẹ, ó fi ìgbálẹ̀ fa ojú rẹ̀ ní ìlà ìlà kó lè máa di ẹsẹ̀ mú. Wọ́n wó ẹnu ọ̀nà tí mo mọ ga. Wọ́n ri òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ fún irin ìdìmú. Nígbà tí mo fa téèpù yọ láti wọn ibi tí irin náà máa ga dé, ìyá mi ní kí n kó o sápò. Ó dúró, ó jẹ́ kí apá rẹ̀ sọ̀ sílẹ̀, ó tọ́ka sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀: “Ibí yìí.” Mọlémọlé fi èédú fa ìlà síbẹ̀. Bàbá mi gba òkúta rẹ̀ padà. Káró tó kù ń bẹ lẹ́yìn ilé; ìyá mi ń sá ata lórí wọn, ó ní wọ́n dára fún un gan-an.

Ìta ni ilẹ̀kùn wa ń ṣí sí báyìí. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín ṣì ń dá wẹ̀, ẹ lọ wo tiwọn. Bí inú ló bá ń ṣí sí, ẹ pe gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́sẹ̀ yìí kó bá yín yí i.